Ẹmu Tó Máa Dúró Dalẹ́

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń ra ẹmu lọ́wọ́ mi, dídùn ni wọ́n fi ń dá èyí tó dára mọ̀. Wọ́n á ní kí n bu díẹ̀ fún àwọn, wọ́n á gbé e mì, wọ́n á ní, "Màmá, èyí dùn o, ẹ di kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta fún wa." Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ náà ni wọ́n ti fẹ́ mu ún, kò sí àléébù. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìdána ni wọ́n fẹ́ gbé e lọ, tí àwọn àna ò ní jókòó títí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, dídùn àárọ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀rí kankan. Ẹmu tó dùn jù láago méje àárọ̀ lè jẹ́ òun gan-an ni yóò kọ́kọ́ kan gógó kí wọ́n tó ka lẹ́tà ìtọrọ ìyàwó tán.

Oǹdó ni mò ń gbé, Àkúrẹ́ ni ọjà mi wà. Láàárín ìlú méjèèjì, láti Bọ́lọ́rundúró títí dé apá Ọ̀wẹnà, oko kòkó ló pọ̀ jù, ọ̀pẹ sì ń bẹ láàárín kòkó náà tí ẹnikẹ́ni ò gbìn. Àwọn adẹ́mu tí mò ń bá dòwò pọ̀ ti gùn ún, wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀, kí oòrùn tó yọ. Àwọn oníbàárà mi ní Àkúrẹ́ ò rí bákan náà. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bọ̀ láti Alágbàká fẹ́ èyí tó ti gbó díẹ̀, tó lè bá àsun lọ. Àwọn ọmọ FUTA fẹ́ púpọ̀ lówó pọ́ọ́kú. Ìyá ìyàwó fẹ́ èyí tó funfun, tó ń hó, tí kò ní dójú tì í lójú àna. Ohun tí gbogbo wọn jọ ń rà lọ́wọ́ mi, bí wọn ò tiẹ̀ mọ̀, wákàtí ni.

Bí ẹmu bá ṣe ń kán láti ara ọ̀pẹ, omi adídùn lásán ni. Ó mọ́ gaara, kò ní ọtí nínú, kò sì kan. Ṣúgà inú rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá 10 sí 12 nínú 100. Funfun tí a mọ ẹmu mọ́ yìí, àwọn ìwúkàrà àti kòkòrò àìfojúrí tó ń bí sí i nínú rẹ̀ ló mú un wá. Wọ́n wà lára agbè, wọ́n wà lára ọ̀bẹ, wọ́n wà lẹ́sẹ̀ oyin tó bà síbi tí wọ́n ti dá a, inú afẹ́fẹ́ pàápàá ò gbẹ́yìn. Àwọn kan nínú wọn ń sọ ṣúgà di ọtí. Àwọn kan ń mú un kan bíi ti omi ògì. Àwọn tó máa ń lágbára kẹ́yìn ń sọ ọtí náà fúnra rẹ̀ di ọtí kíkan. Ọ̀kan ò sì dúró de èkejì kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láàárín ọjọ́ kan péré, ọtí inú ẹmu lè dé ìdá 4 tàbí 5 nínú 100. Lẹ́yìn ìyẹn, kíkan ló kù tó ń pọ̀ sí i.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń béèrè ìgbà tí wọ́n gbé agbè kọ́ kí n tó béèrè bó ṣe dùn tó. Ẹmu tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní ìdájí, láti ìrọ̀lẹ́ àná ni agbè rẹ̀ ti wà lókè. Èyí tó kọ́kọ́ kán sínú rẹ̀ ti dàgbà, èyí tó kán gbẹ̀yìn ò tíì pé ìṣẹ́jú kan, àgbà àti ọmọdé wá jọ wà nínú agbè kan ṣoṣo. Mo tún máa ń béèrè bóyá wọ́n fọ agbè náà. Àwọn adẹ́mu kan wà tí wọ́n máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti àná sílẹ̀ nísàlẹ̀, kí ẹmu tuntun lè tètè hó, kó sì tètè pa èèyàn. Ẹni tó bá fẹ́ mu ún lábẹ́ igi ọ̀pẹ náà, ìyẹn dára fún un. Fún ẹmu tó máa wọ mọ́tò, tó máa jókòó sínú oòrùn Àkúrẹ́, agbè tí wọ́n fọ̀ tí wọ́n sì dà kodoro kó gbẹ ni mo máa ń fẹ́.

N ò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ògùrọ̀. Apá ìsàlẹ̀ ìpínlẹ̀ wa, Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ, ni ilé rẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti ní omi. Igi ògùrọ̀ kì í yọ òdòdó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láyé rẹ̀, ìgbà yẹn ni wọ́n ń dá a, lẹ́yìn náà ó kú. Ògùrọ̀ dùn, mo sì gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ki lẹ́nu mi bíi ẹmu ọ̀pẹ. Wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n ń fi èyí tó bá pọ̀ ju ọjà lọ ṣe níbẹ̀: wọ́n ń sè é di ògógóró, tí òyìnbó amúnisìn fòfin dè, tí wọ́n sì ń fi ọlọ́pàá wá kiri inú igbó. Ògógóró kì í bàjẹ́. Ẹni tó bá ń wá ọtí tó máa pẹ́, tí kò bìkítà nípa adùn, ọ̀nà rẹ̀ rèé.

Ó dọwọ́ ìtọ́wò. Adẹ́mu á gbé kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀ níwájú mi, á ní, "Màmá, ògidì ni o, kò sí omi níbẹ̀." N kì í bá a jiyàn, torí kò sí ẹlẹ́mu tó máa ní tòun kan. Etí ni mo kọ́kọ́ ń lò. Mo máa ń tú ìdérí díẹ̀, kí n gbọ́ bó ṣe ń mí. Èyí tó bá dákẹ́ rọ́rọ́ ní ìdájí, yálà wọ́n ti bu omi là á, tàbí ti àná ni. Lẹ́yìn náà, màá dà á láti òkè sínú ife onígíláàsì. Àwọn èèyàn ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí lórí ife yẹn, wọ́n ní ahá ni wọ́n ń fi mu ẹmu, wọ́n sì gba ọ̀rọ̀ sọ. Ṣùgbọ́n ahá tuntun korò, ahá àtijọ́ ti gba òórùn gbogbo ẹmu tó ti gba inú rẹ̀ kọjá. Ahá ni mo fi ń mu ún, ife ni mo fi ń ṣèdájọ́ rẹ̀.

Ìfófòó ẹmu tó dára máa ń wẹ́, ó máa ń kúnná, ó sì máa ń dúró. Tí mo bá fẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó máa ń padà wá. Ìfófòó àbùlà máa ń tóbi, á sì tú ká kí n tó sọ pé ó dàárọ̀. Mo máa ń gbé ife náà sókè sí ìmọ́lẹ̀: kò yẹ kó mọ́ gaara mọ́, kò sì yẹ kó nípọn débi pé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ń léfòó nínú rẹ̀. Ìgbà náà ni imú á wá kàn án. Mò ń retí òórùn ìwúkàrà, bíi ti búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò, pẹ̀lú èso díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Bí ohun kan bá ta mí nímú, mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, bó ti wù kí ahọ́n gbè é tó.

Kíkan kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ oníbàárà ti ń ṣi ẹmu dá lẹ́bi. Kíkan kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló máa ń mú, tó ń mú itọ́ wá sẹ́nu, tó sì ń mú kí èèyàn fẹ́ mu sí i. Ẹbí omi ògì nìyẹn, kò sí ewu níbẹ̀. Ó máa ń fún ẹmu ní eegun ẹ̀yìn. Kíkan kejì kì í dúró lẹ́nu, imú ló máa ń gùn lọ, ọ̀fun ló máa ń há. Ọtí kíkan ló ti ń bọ̀ yẹn, kò sì sí yìnyín tó lè dá a padà. Ẹmu tó ní èkíní díẹ̀ láàárọ̀, tí dídùn ṣì bò ó, ni mo máa ń sanwó lé lórí. Ẹmu tó dùn láìsí kíkan kankan nínú rẹ̀ ṣì jẹ́ ìkókó. N ò lè sọ irú ẹni tó máa dà.

Dídùn gan-an ní irọ́ tirẹ̀. Àwọn kan máa ń da ṣúgà sí ẹmu, àwọn mìíràn sì máa ń lo ṣakarín. Ti ṣúgà ṣì ṣeé fara dà, torí ìwúkàrà á jẹ ẹ́ tó bá yá. Ìwúkàrà ò lè jẹ ṣakarín. Bí ẹmu náà ti wù kó kan tó, dídùn rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀ gbọin-gbọin. Nítorí náà, nígbà tí imú bá sọ pé ó ti kan, tí ahọ́n sì ní rárá o, ó dùn, ẹ gba imú gbọ́. Dídùn ṣakarín kì í tètè dé, kì í sì í tètè lọ, ó sì máa ń fi ìkorò kan sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀fun.

Mo máa ń fi ẹmu sẹ́nu, n ò ní tíì gbé e mì. Dídùn á kọ́kọ́ fara hàn, kíkan á tẹ̀ lé e. Tí mo bá wá gbé e mì, mo máa ń dákẹ́ díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bá mi sọ̀rọ̀. Àlejò ni ṣúgà nínú ẹmu, ó máa lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tó bá kù lẹ́nu lẹ́yìn tó ti lọ ni mo ń wá: ṣé nǹkan kan ṣì wà níbẹ̀ tó ki, tó korò díẹ̀, tó ń pẹ́ kó tó tán, àbí ẹnu ṣófo bí ẹni mu omi? Èyí tó bá tètè ṣófo láàárọ̀, á ṣófo jù bẹ́ẹ̀ lọ nírọ̀lẹ́.

Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, mo máa ń bu díẹ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan sínú ìgò kékeré, màá tò wọ́n sójú oòrùn nígbà tí wọ́n bá ń kó ẹrù sí mọ́tò. Ooru máa ń sáré bá ẹmu dàgbà. Kí a tó dì í tán, mo máa ń tún wọn tọ́ wò. Èyí tó bá ti fò láti dídùn sí kíkan lẹ́ẹ̀kan náà, Oǹdó ni wọ́n á ti mu ún. Èyí tó bá kàn yí díẹ̀, tó wá dùn mọ́ni ju tìṣáájú lọ, ìyẹn ló ń lọ sí Àkúrẹ́.

Mo rò pé èmi nìkan ló ń ṣe irú èyí, àfi ìgbà tí àbúrò mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé oúnjẹ ní Lọndọnu wá sílé pẹ̀lú wáìnì funfun tí wọ́n fi èso àjàrà Chenin Blanc ṣe. Gúúsù Áfíríkà ni ó ti wá, ibẹ̀ sì ni igi Chenin Blanc pọ̀ sí jù lọ láyé. Kò sí ṣúgà nínú rẹ̀ rárá. Gbogbo ilé tọ́ ọ wò, wọ́n kọ̀ ọ́. Ọ̀kan ní ó kan, èkejì ní ó korò, ẹ̀kẹta béèrè bóyá wọ́n gbàgbé ṣúgà ni. Èmi fi sẹ́nu, mo gbé e mì, mo dákẹ́. Ó mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, kò ta mí nímú rárá, ó sì pẹ́ kó tó kúrò lẹ́nu. Mo ní, "Èyí máa dúró." Àbúrò mi rẹ́rìn-ín. Ó ní bí àwọn tó mọ̀ ọ́n dájú ṣe ń dán an wò nìyí: wọ́n á ṣí ìgò, wọ́n á mu díẹ̀, wọ́n á dé e padà, wọ́n á tún tọ́ ọ wò lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta. Bó bá ti kú lọ́jọ́ kejì, kò lè pẹ́ nínú yàrá ìpamọ́. Bó bá ti dára sí i, ó yẹ fún ọdún púpọ̀.

Ó sọ fún mi nípa Hunter Valley ní Ọsirélíà, níbi tí wọ́n ti ń ká èso Semillon kó tó pọ́n tán, débi pé ọtí inú rẹ̀ kì í sábàá ju ìdá 10 tàbí 11 nínú 100 lọ. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ó máa ń fẹ́lẹ́, ó máa ń kan bí ọsàn wẹ́wẹ́, kì í sì í ní ohun tó fi ń fa ojú ẹnikẹ́ni mọ́ra. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó máa ń rùn bí búrẹ́dì tí wọ́n yan àti oyin, bẹ́ẹ̀ wọn ò fi oyin sí i. Wáìnì Savennières lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò Loire ní ilẹ̀ Faransé náà máa ń le koko ní kékeré rẹ̀. Riesling tí kò ní ṣúgà láti Jámánì náà ń bẹ nínú ẹgbẹ́ yìí. Ohun tí àwọn èèyàn wa fi ń lé wọn dànù nídìí àga àríyá náà gan-an ni ohun tó ń pa wọ́n mọ́.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wáìnì àti ẹmu ò ju èyí lọ, mo sì ti rò ó dáadáa. Omi àjàrà ti kan láti ara igi. Ọ̀pọ̀ kòkòrò tó ń ba nǹkan jẹ́ ò lè gbé inú kíkan yẹn, nítorí náà ẹ̀ṣọ́ ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí ìwúkàrà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Omi ọ̀pẹ ò kan rárá nígbà tó ń kán, kò ní ẹ̀ṣọ́, gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wọlé ló ń wọlé. Kí kíkan tirẹ̀ tó dé, onírúurú kòkòrò ti kún inú rẹ̀. Wọ́n ní ní apá Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà, àwọn adẹ́mu kan máa ń fi èèpo igi sí i kó lè pẹ́ díẹ̀, kó sì korò. N ò fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ mo mọ ohun tí wọ́n ń wá.

Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá kejì, torí àwọn kòkòrò tó ń sọ ọtí di ọtí kíkan ò lè ṣiṣẹ́ láìsí i. Ẹmu tó kún kẹ́ẹ̀gì dé ọrùn máa ń pẹ́ ju ìlàjì kẹ́ẹ̀gì lọ. Ẹ dé e, ṣùgbọ́n ẹ má dé e pinpin, torí ẹmu tó ń hó lè fọ́ ohun tí wọ́n fi dé e. Yìnyín ní kí wọ́n kó yí kẹ́ẹ̀gì ká, kì í ṣe kí wọ́n dà á sínú ẹmu. Ẹni tó bá sọ yìnyín sínú ẹmu ti bu omi là á fúnra rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ wá bá mi jà.

Wáìnì náà ò fẹ́ ooru. Yàrá tútù, tó ṣókùnkùn, tó wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 12 tàbí 13 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí níbi tó ti máa pẹ́. Mo ti rí ìgò wáìnì funfun nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Àkúrẹ́ tó dúró sójú fèrèsé, tó ti pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì, tí òǹtajà sì ń gbówó lé e torí ó ti pẹ́. Pípẹ́ nínú oòrùn kì í ṣe pípẹ́ tó ń múni dára. Ẹni tó bá fẹ́ ra wáìnì funfun níhìn-ín, kó ra èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kó sì mu ún lọ́dún náà, àyàfi tó bá ní ibi tútù tí iná mànàmáná kì í ti lọ.

Wọ́n ti gbìyànjú láti fi ẹmu sínú ìgò. Louis Pasteur ló tẹ ìwé jáde ní 1866 lórí bí wáìnì ṣe ń bàjẹ́, tó sì fi hàn pé bí èèyàn bá gbé e gbóná díẹ̀, àwọn kòkòrò inú rẹ̀ á kú. Ọ̀nà yẹn náà ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Òṣòdì, FIIRO, àti NIFOR tó wà nítòsí Ìlú Bìní, ti lò fún ẹmu wa. Ilé-iṣẹ́ Nkulenu, tí Esther Ocloo dá sílẹ̀ ní Gánà, ń kó tirẹ̀ ránṣẹ́ sí òkè òkun, àwọn ọmọ wa ní Peckham ní Lọndọnu sì ń rà á. Kò ní kan, ìyẹn dájú. Àmọ́ ẹmu tí kò lè kan mọ́ ò lè dàgbà mọ́ náà, bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n dé e ló máa rí títí. Fún ẹni tó wà ní Lọndọnu, ó sàn ju òùngbẹ lọ. Fún ẹni tó wà ní Àkúrẹ́, n ò rí ìdí rẹ̀.

Ìgò ò sì lè rọ́pò ọwọ́ adẹ́mu. Ìwé Amos Tutuola tó jáde ní 1952, tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n, dá lórí ọ̀mùtí kan tí adẹ́mu rẹ̀ já láti orí ọ̀pẹ, tó kú, tí ọ̀mùtí náà sì wá a lọ dé ìlú àwọn òkú torí kò rí ẹlòmíràn tó lè dá ẹmu bíi tirẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń fi ṣe ẹ̀rín. Ẹlẹ́mu kankan ò ní fi rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ adẹ́mu ló ń pinnu bí ojú ọgbẹ́ ṣe máa mọ́ tó, bí wọ́n ṣe máa gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó lójoojúmọ́, bí agbè ṣe máa mọ́. Àwọn tí mò ń bá dòwò ti ń dàgbà, àwọn ọmọ wọn ò fẹ́ fi igbà gun nǹkan kan, ọ̀kadà ni wọ́n ń gùn. Tí ọdún Ògún bá dé ní Oǹdó, tí gbogbo ilé ń wá ẹmu lẹ́ẹ̀kan náà, a máa ń rí i kedere pé àwọn tó ń dá a ò pọ̀ tó mọ́. Àbùlà sì máa ń pọ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe ìyàwó, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe ìsìnkú àgbà, ẹ má kàn pe ẹlẹ́mu yín kí ẹ ní kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá lẹ fẹ́. Ẹ sọ aago tí ẹ máa bu èkíní fún un, kí ẹ sì sọ òótọ́, nítorí gbogbo wa la mọ̀ pé aago mẹ́wàá inú ìwé ìpè, aago kan ọ̀sán ni.